Orúkọ Hok-seng Lẹ́yìn Ìjàpá

Bí ẹ bá rí Sukim tó ń rìn jẹ́jẹ́ ní àdúgbò wa ní ìlú Lukang, ẹ ti mọ̀ pé ó ti dá ọ̀ràn. Aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ mú, àmọ́ olórí kunkun ni.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ Hok-seng ọkọ rẹ̀ ku ọ̀la, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Kuan-im, ìyá aláàánú, pé òun yóò dá ẹ̀mí kan sílẹ̀ kí ti ọkọ òun má baà bọ́. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe náà nìyẹn: wọ́n á ra ẹja tàbí ẹyẹ, wọ́n á tú u sílẹ̀, èrè rẹ̀ á di ti aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ṣòfin pé ẹni tó bá tú ẹranko sílẹ̀ láìgbàṣẹ lè fẹ̀wọ̀n jura. Sukim mọ òfin náà. Ó ní òfin kò bá òun jókòó ní ọsibítù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, ó ra ìjàpá odò kan, ó fi ọ̀dà èékánná pupa kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ àti àdúgbò wa sí i lẹ́yìn, kí ìyá aláàánú má baà gbé èrè fún Hok-seng ibòmíràn. Ó sọ ọ́ sínú adágún, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọkọ rẹ̀ yè é. Ó padà sílé, ó ń ráhùn pé ẹ̀kọ ìrẹsì òun kò níyọ̀. Ni Bun-hiong, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹranko, bá kanlẹ̀kùn, tòun ti ìjàpá nínú korobá, ó ń béèrè Ọ̀gbẹ́ni Tan Hok-seng. Agbára káká ni èmi aládùúgbò fi pa ẹ̀rín mọ́ra.

Bun-hiong ní àlejò ni irú ìjàpá yìí lódò wa, ó ń jẹ ọmọ ẹja run, ẹni tó tú u sílẹ̀ yóò fojú ba ilé ẹjọ́. Hok-seng wo ìyàwó rẹ̀, ó ní òun ni.

"Irọ́ ló ń pa," ni Sukim wí. "Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Èmi ni. Ẹ̀wọ̀n ò bà mí lẹ́rù, ọmọ mi, àmọ́ ẹ ti mú un kúrò lómi. Ẹ̀jẹ́ mi ti bàjẹ́. Arúgbó mi á kú." Ó bú sẹ́kún, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gidi.

Hok-seng béèrè ìgbà tí wọ́n mú ìjàpá náà. Bun-hiong ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, apẹja kan ló bá a nínú àwọ̀n rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́?" ni Hok-seng wí. "Ọjọ́ kejì ni wọ́n là mí nínú. Inú korobá ni ìjàpá wà, mi ò sì kú."

Sukim nu ojú. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo korobá, ẹ̀rín sì gbà á.

Bun-hiong kìlọ̀ fún un pé nítorí pé ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ ni òun fi jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni ìjàpá yóò wà títí ọjọ́ ikú, kò gbọdọ̀ jáde. Lónìí, bí ọdún Kuan-im bá dé, Sukim ló ń dúró létí adágún, tó ń lé àwọn tó gbé korobá wá padà sílé.

Ìjàpá wà nínú agbada omi lẹ́yìnkùlé wọn. Òun ni Sukim ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, Hok-seng sì máa ń kùn.

"Ẹni tó ń bá wa ṣẹ̀wọ̀n," ni Sukim máa ń dá a lóhùn, "lo fẹ́ bá du oúnjẹ?"