Ajá tí Owú Mú Mi Gbà

Ìró èékánná ajá lórí sìmẹ́ńtì ni mo fi máa ń mọ̀ pé ìyá nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì wa ti ń bọ̀ láti ọjà. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, tí mo ń bọ́ bàtà iṣẹ́, ajá rẹ̀ á fò dìde lórí pèpéle tó wà lódìkejì, á sáré kọjá níwájú mi bí ẹni pé òpó ni mí, á lọ pàdé ìyá náà lójú ọ̀nà. Arúgbó ajá ni, ṣùgbọ́n tí ó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ olúwa rẹ̀, á di ọmọ ọwọ́. Ìyá nọ́ọ̀sì á máa sọ pé, "Ó tó, ó tó, mo ti dé." Bẹẹrẹ tó wà nítòsí lásán ló lọ o, kò sì lò ju wákàtí kan lọ. Èmi tí mo ti jáde láti ìdájí, ẹ̀dá kan kò dìde nítorí mi.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ìyàwó mi ti lọ sí ìlú òyìnbó, ó lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa tọ́jú ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́ta la jọ sọ. Oṣù mẹ́ta di ọdún kan, ọdún kan sì ń wá èkejì. Tí mo bá pè é lórí fóònù, igbe ọmọ ni màá kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà orin tó fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, orin tí mo ti rò pé àwọn ọmọ tèmi nìkan ló ni ín. Kò yẹ kí bàbá àgbà máa jowú ọmọ-ọmọ rẹ̀, mo mọ̀. Mo jowú rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Mọlété ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ tí ń gé ìwé ni mo wà. Kí oòrùn tó yọ dáadáa ni mo ti ń wọ ọkọ̀ máíkírà ní Bẹẹrẹ, n kì í sì í padà dé títí wọ́n fi máa kí ìrun mọ̀gàríbì tán. Òkùnkùn yàrá ló máa ń kí mi káàbọ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ajá ṣe wọ̀ mí lọ́kàn. Ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

"Ajá kẹ̀, Bàbá Ìbejì? Ẹ̀yin tí ẹ kì í sí nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ta ni yóò máa fún un lómi?"

Mo ní ẹ̀rù ló ń bà á kí ajá má gba ipò rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Mo wá tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, òun ni baálé agboolé wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sì ti máa ń kírun. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Mi ò ní kí o má sin ajá," ló wí, "ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fẹnu kan bútà àlùwàlá mi, kò sì gbọdọ̀ tẹ ẹní tí mo fi ń kírun. Ọjọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́, ìwọ àti ẹ̀ lẹ jọ ń kó ẹrù."

Ó wá ku ìyá nọ́ọ̀sì. Ayálégbé ni lọ́dọ̀ wa, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Mo rò pé ẹni tó lájá yóò gbè mí lẹ́yìn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má ṣe é," ló sọ. "Ajá kì í ṣe àga tí èèyàn máa padà wá bá níbi tó fi í sí. Bí ẹ bá so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀, ẹkún ni yóò máa sun."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wọlé lọ bínú. Mo ní kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ní ohun tí òun ní. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, mo sì fi òwe náà bá a wí nínú ọkàn mi. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé àyà tèmi gan-an ló ti gbẹ.

Kò pẹ́ tí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi fún mi ní ọmọ ajá kan, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹsẹ̀ iwájú kan funfun. Inú páálí ìwé ni mo gbé e sí, mo gbé páálí lé itan nínú máíkírà láti Mọlété dé Bẹẹrẹ, ó sì tọ̀ sí mi lára kí a tó kọjá Màpó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí èèyàn wa kò bá lè sọ lójú aládùúgbò, wọ́n a máa fi sọ ajá lórúkọ. Mo sọ tèmi ní Tèmi-dé. Mo máa ń pè é kíkankíkan kí wọ́n lè gbọ́ ọ lódìkejì. Ìyá nọ́ọ̀sì á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó káàbọ̀ o."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Ní àárọ̀, màá so ó mọ́ òpó, màá gbé omi àti oúnjẹ sí i. Bí mo bá dé tí mo tú okùn lọ́rùn rẹ̀, á máa fò mọ́ mi, á máa lá ọwọ́ mi, èmi náà á máa sọ pé, "Ó tó, ó tó, mo ti dé."

Láàárín oṣù yẹn ni ajá ìyá nọ́ọ̀sì kú. Ogbó ló pa á. Mo kí i kú àjálù, mo bá a gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run forí jì mí, bí mo ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ náà, ohun kan ń dùn mọ́ mi nínú. Mo ní nísinsìnyí, àwa méjèèjì ti pààrọ̀ ipò.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, jẹnẹrétọ̀ ibi iṣẹ́ wa bàjẹ́, kò sì sí iná, ọ̀gá ní ká máa lọ sílé lọ́sàn-án gangan. Mo ya Ọjà'ba, mo ra ìfun ẹran fún ajá mi, mo ń rò ó bí yóò ṣe yọ̀ tó. Okùn nìkan ni mo bá lára òpó. Mo ti fẹ́ figbe olè ta nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá nọ́ọ̀sì: "Kékeré, ó tó, jẹ́ kí n rí ẹ̀fọ́ mi já." Mo yọjú. Tèmi-dé ló nà gbalaja lórí pèpéle, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ ìyá náà. Nígbà tí ó rí mi, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀mejì, kò dìde.

Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó sá fún mi ni, màá ní wọ́n ti ṣe àsàsí sí i.

"Ta ló ń jẹ́ Kékeré?" ni mo bi í.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀..."

"Tiyín kú, ẹ wá fi tèmi rọ́pò! Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe ní kí n má mú un wá?"

Ìyá nọ́ọ̀sì yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lábẹ́ ajá náà, ó gbé abọ́ ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó wọlé. Ẹ̀yìn mi ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti jáde.

"Èmi ni mo tú u. Bí o bá ti jáde báyìí ni yóò ti figbe ta, títí di àlàásárì. Mi ò lè gbọ́ ohun tí mo ń ké nínú ìrun mọ́. Mo fi ọ̀rá bọ ọwọ́, mo tú okùn, mo fà á lọ bá ìyá nọ́ọ̀sì. Ó ní òun ò gbà. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Tó bá ku díẹ̀ kí o dé, màá tún un so."

"Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ rí ajá?"

"Mi ò fẹ́ kó fẹnu kàn mí. Mi ò sọ pé kó máa jìyà."

Gbogbo ayọ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Bóyá okùn tí mo ń tú ni ajá náà ń yọ̀ sí, kì í ṣe èmi. Ó yẹ kí ó ti yé mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n owú kì í jẹ́ kí etí gbọ́ràn. Láti ọjọ́ kejì, inú yàrá ni mo ń tì í mọ́, mo sì ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí Mọlété. N kò kí ìyá nọ́ọ̀sì, òun náà kò yọjú síta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ṣílẹ̀kùn, kò sí ẹni tó fò mọ́ mi. Èékánná ti ha ìdí ilẹ̀kùn yánnayànna, ẹ̀jẹ̀ wà lára pákó. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ajá náà wà. Mo pè é, "Tèmi-dé." Kò mira. Mo tún pè é. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi, mo wá pè é ní orúkọ tí ìyá nọ́ọ̀sì sọ ọ́.

"Kékeré."

Ó jáde. Èékánná kan ti yọ lẹ́sẹ̀ funfun yẹn.

Mo gbé e sọdá. Ìyá nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ náà, kò wojú mi. Ó gbé òwú àti sípírítì jáde, ó ní, "Ẹ dì í mú dáadáa." Mo di ajá náà mú títí ó fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ tán.

"Mọ́mì, ẹ forí jì mí," ni mo wí.

"Mo ti ní ajá mìíràn rí nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́," ló dáhùn. "Èmi náà ń so ó mọ́lẹ̀ kí n tó jáde. Ó já okùn lọ́jọ́ kan, ó ń wá mi kiri, ọkọ̀ pa á. Ohun tó yẹ kí n sọ fún yín nìyẹn. Ojú ló tì mí."

Mo bi í bóyá yóò gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ṣé ẹ ò tún ní wá bá mi jà?"

"Màá máa jowú, mà. Mi ò ní jà."

Ọdún mélòó kan ti kọjá lórí rẹ̀. Ìyàwó mi ti dé. Ọjọ́ tó dé ló bi mí pé ajá wa dà, mo sì nawọ́ sí òdìkejì. Mo ṣì ń lọ sí Mọlété lójoojúmọ́, n kò sì gba òmíràn. Bí mo bá wọ agboolé ní ìrọ̀lẹ́, ajá náà á dìde lórí pèpéle, á wá gbóòórùn ọwọ́ mi, á bá mi rìn dé ẹnu ọ̀nà, bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa ṣe ń sin àlejò. Lẹ́yìn náà á yí padà sílé rẹ̀. N kò ní parọ́, ibi tó ti ń yí padà yẹn ṣì ń ta mí lọ́kàn díẹ̀. Mo máa ń dúró wò ó títí yóò fi dùbúlẹ̀, kí n tó wọlé.