Eré Tí Ládòkun Sá dé Ìsẹ́yìn

Ládòkun kì í ṣe sárésáré. Agégẹdú ni, ará Òkèhò, ọkùnrin tí irun ti ń funfun lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1981, tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara, òun ló nawọ́ sókè pé òun yóò sáré láti Òkèhò dé Ìsẹ́yìn, kí àwọn èèyàn lè ṣàánú ilé kan ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara. Mosúnmọ́lá, ọmọbìnrin rẹ̀, wà níbẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un láti kékeré. Ìdí ló fi ń wọ́ kiri. Alágbẹ̀dẹ kan lè rọ irin ẹsẹ̀ tí yóò gbé e dìde, ṣùgbọ́n ilé náà kò ní ohun tí wọn yóò fi ra irin.

Festus, awakọ̀ ilé náà, ń wakọ̀ lọ níwájú, ó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polongo. Nígbà tí wọ́n gbéra, ó pe gbólóhùn náà pé pérépéré: "Eré sísá nítorí àwọn arọ!" Nígbà tí eruku ọyẹ́ gbẹ ẹ́ lọ́fun, ó gé e kúrú: "Ẹ wá wo eré àwọn arọ!" Eré tí à ń sá kì í ṣe eré tí à ń ṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tó gbọ́ ọ lókèèrè?

Ní abà kan, Ládòkun bá àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti dá ọkọ̀ Festus dúró. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ṣàngóyẹmí fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà.

"Dúró níbẹ̀! Ìwọ lo ń fi arọ, ẹni òòṣà, ṣeré káàkiri?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, mi ò ṣeré."

"Kò ṣeré, ó wọ ṣòkòtò péńpé!" ni àgbẹ̀ kan wí. Ẹ̀rín sọ.

Ládòkun dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Bí wọ́n bá dá a padà níbí, kí ni yóò wí fún Mosúnmọ́lá? Ó fẹ́ dìde, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ fà, kò lè dìde mọ́.

"Sísá ni mò ń sá a, ìyá, mi ò ṣe é. Ọmọ mi kò dúró rí. Mo ní kí n fi ẹsẹ̀ tèmi bẹ̀bẹ̀ fún tirẹ̀."

Ìyá náà wo bàtà rẹ̀ tó ya, ó rí ẹ̀jẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Kí lorúkọ ọmọ náà?"

"Mosúnmọ́lá."

"Ẹ bá mi mú òrí wá, kí n fi ra ẹsẹ̀ bàbá Mosúnmọ́lá." Ó yíjú sí Festus. "Ìwọ, tún ọ̀rọ̀ rẹ pè kó tọ́!"

Festus tún un pè, ó sì pé. Àwọn àgbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ru iṣu sínú ọkọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀.

Ládòkun sáré níbi tó ti lè sá, ó rìn níbi tí kò ti lè sá. Ìrọ̀lẹ́ ló wọ Ìsẹ́yìn. Mosúnmọ́lá fa ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ sórí itan, ó ń bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i.

"Festus ti kó iṣu dé, bàbá. Wọ́n ní wọ́n á tà á ra irin. Alágbẹ̀dẹ ń bọ̀ wá wọn ẹsẹ̀ mi láàárọ̀. Ṣé irin yẹn á dùn mí?"

"Á dùn ọ́ díẹ̀."

"Bíi tiyín yìí?"

"Rárá o. Kò ní tó bẹ́ẹ̀."

Ó mi orí, ó tún bu omi.