Ẹ̀wà Tí A Kì Í Jẹ Nílé Wa

Mi ò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà wá bẹ̀ mí. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wa sí, ẹ̀wà gbígbẹ sì ni bàbá wa tà tó fi tọ́ wa. Nígbà tí bàbá kú, òun ló jogún ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Ọjà Igbó. Èmi lọ sílé ọkọ ní Ọ̀yọ́, mo sì ń ṣe tíṣà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó kọ ọ́ gàdàgbàgàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pé oúnjẹ ilẹ̀ wa ló dára jù. Bí oníbàárà bá ti dúró báyìí, á bẹ̀rẹ̀: "Ẹ fi ìrẹsì òkèèrè sílẹ̀, Màmá! Ẹ jẹ ohun táwọn àgbẹ̀ wa gbìn. Ẹ̀wà Ìrẹsà rèé, ẹ wò ó dáadáa, kòkòrò kan ò sí níbẹ̀!"

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Èmi òmùgọ̀ gbà á gbọ́. Mo polówó ẹ̀wà yẹn fáwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, títí kan obìnrin tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fáwọn ọmọ iléèwé wa. Wọ́n fọkàn tán mi. Àpò-àpò ni mò ń bá wọn gbé e wá sí Ọ̀yọ́.

Nígbà ọlidé tó kọjá, mo lọ kí ìyá wa nílé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Mo fẹ́ bu ẹ̀wà tí a ó fi ṣe àkàrà, ni ìyàwó bá pariwo: "Ẹ má bu nínú àpò o, Àǹtí! Ti ilé wà nínú kẹ́ẹ̀gì."

Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì náà. Ata gbígbẹ ni wọ́n dà sórí ẹ̀wà láti fi lé kòkòrò, bí bàbá wa ti máa ń ṣe é. Mo rí kòkòrò méjì tó ń rìn nínú rẹ̀.

"Kí ló wá ṣe ti inú àpò?"

Ó wolẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ ló máa ń da oògùn kòkòrò sí ti títà."

Lẹ́ẹ̀mejì làwọn ọmọ iléèwé wa ti bì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a sì di ẹ̀bi ru omi kànga. Mo pe obìnrin tó ń se oúnjẹ lórí fóònù pé kó má fọwọ́ kan ẹ̀wà náà mọ́. Lẹ́yìn náà, mo bu ẹ̀wà nínú àpò, mo sè é, mo fi epo àti àlùbọ́sà sí i, mo sì gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó dé láti ọjà.

Ó ti mú ṣíbí. "Níbo lo ti bu ẹ̀wà yìí?"

"Nínú àpò tẹ́ ẹ̀ ń tà ni, Bọ̀dá. Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni. Ẹ jẹun."

Ó ju ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé orí ẹ dàrú ni? Gbogbo ọjà ló ń ṣe é! Bí wọ́n bá rí kòkòrò, ta ni yóò rà á? Ṣé kébi pa wá ni?"

"Mo ní kẹ́ ẹ jẹun."

Ìyá wa, tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ti súnmọ́ tòsí. "Nítorí ẹ̀wà lẹ ṣe ń jà? Ẹ gbé e wá, ebi ń pa mí." Wọ́n na ọwọ́ sí abọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi yára jù mí lọ. Ó já abọ́ náà gbà, ó sì dà á nù sẹ́yìnkùlé. Àwọn adìẹ rẹ̀ sáré débẹ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀, ó fi lé wọn, ó ń pariwo bíi wèrè. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ẹ̀wà náà nílẹ̀ níhóró-níhóró, kí adìẹ má baà jẹ ẹ́.