Ògiri Tí Elkanah Sọ Di Iṣẹ́ Ọnà Ìgbàlódé

Ilé mẹ́rin ni bàbá Elkanah fi sílẹ̀ fún un ní Kétu, àmọ́ ẹ má pè é ní láńdílọ́ọ̀dù o. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni, alátìlẹyìn iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé sì ni. Káàdì tó ń pín kiri ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2006, òrùlé ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, ní àdúgbò Alápẹ̀rẹ̀, ń jò, àwọn ayálégbé ń fi abọ́ gbe omi òjò. Ògiri iwájú ló ń bí Elkanah nínú ní tiẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà, nítorí gbájúẹ̀: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

“Ìwà ará oko!” Ó ní kí ayàwòrán kan fi búlúù bò ó, kó ya òbìrìkìtì mẹ́ta sí i. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìrònú.

Kò pé oṣù kan, ọkùnrin kan dé, ó ń fi téèpù wọn ilé. Ó ti rà á. Ẹni tó tà á fún un fi káàdì Elkanah hàn án, pé òun gan-an ni Elkanah.

“Mo yẹ ògiri wò kí n tó sanwó,” ló wí. “Mi ò rí ìkìlọ̀ kankan.”

 Elkanah bọ́ kóòtù, ó gun àga, ó sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ gba àárín Ìrònú kọjá.

Ìyá Nimat, ayálégbé rẹ̀, gbé abọ́ omi jáde, ó wò ó títí.

“Ọ̀gá, eléyìí yé wa. Bí ẹ ṣe ti gun àga yẹn, ẹ kúkú bá wa dé òrùlé.”