Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ní Kì í Gbé Alààyè

Lẹ́yìn ọdún méjì tí Àsíyátù ti ń bá áńbúláǹsì ìlú ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Kabba, ó rò pé kò sí ohun tó tún lè ba òun lẹ́rù mọ́. Aránṣọ ni. Lois, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ òun àti àwọn mẹ́wàá mìíràn bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àti bí a ṣe ń gbé ẹni tó fi ẹ̀yìn ṣèṣe láìjẹ́ kí ara rẹ̀ lọ́. Wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn, wọ́n sì kọ nọ́ńbà wọn sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ilé ìgbẹ̀bí káàkiri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Àsíyátù àti Andrew, awakọ̀ tó ti wa bọ́ọ̀sì fún ogún ọdún. Bí fóònù bá ti dún, obìnrin náà á pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, Andrew á sì gbé ọkọ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, olùkọ́ kan pè láti ìlú Iyah-Gbede. Ó ní àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Oyèbánjí já bọ́ látorí igi irú.

Nígbà tí wọ́n fi débẹ̀, wọ́n ti gbé ọkùnrin náà jókòó sórí ọ̀kadà, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn. Orí rẹ̀ wọ́ sí èjìká kan. Ọkọ̀ ò tíì dúró tán tí Àsíyátù fi bẹ́ sílẹ̀ tó di ọwọ́ ọ̀kadà náà mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbéra! Ó ṣeé ṣe kí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti fọ́!"

Naomi, ìyàwó ọkùnrin náà, tì í sẹ́yìn. "Ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbí! Ọkọ mi ò tíì kú!"

"Kò kú, ìyá. Ìdí tá a fi wá nìyẹn."

"Ẹ gbé bàbá Bólúwadúró, kò padà. Ẹ gbé ìyá ọkọ mi, òkú rẹ̀ la rí. Ẹ gbé ìyàwó Benjamin tòun toyún. Ta lẹ gbé ní ìlú yìí rí tó tún padà wálé?"

Òótọ́ ni. Àsíyátù fúnra rẹ̀ ló jókòó ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti máa ń rí i pé àwọn èèyàn á dìde dúró, wọ́n á ká ọwọ́ mọ́ àyà bí áńbúláǹsì bá ń kọjá, ó sì rò pé wọ́n ń yẹ́ àwọn sí ni. Àṣé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni! Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán ni àwọn èèyàn máa ń pè wọ́n. Bí aláìsàn bá sì ti kú, ẹni tó kàn á tún pẹ́ jù ú lọ kó tó pè.

Ó wo Andrew. Andrew ń wo ilẹ̀.

Àsíyátù fi Naomi sílẹ̀, ó lọṣọ̀ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà. "Okun o, bàbá," ó kí i. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára bí mo ṣe di ẹsẹ̀ yín mú yìí?"

"Ẹsẹ̀ wo?" Oyèbánjí bi í.

Naomi wolẹ̀, ó rí i tí Àsíyátù fi ọwọ́ méjèèjì fún àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ pinpin. Ọwọ́ tó fi di aṣọ ọkọ rẹ̀ mú já wálẹ̀.

"Ẹ gbé e," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi náà á wọ ọkọ̀ yín."

Èèyàn mẹ́fà ló gbé e sórí pákó gígùn kan, tí Àsíyátù di orí rẹ̀ mú kó má baà mì. Andrew rọra ń wakọ̀. Bí wọ́n bá ti bọ́ sí kòtò, Naomi á pariwo pé, "Ṣé ó ń mí?" Títí ọkùnrin náà fi dáhùn fúnra rẹ̀ pé, "Mò ń mí o, jọ̀ọ́."

Dókítà ní egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sán, kò dá. Pé ká ní wọ́n gbé e lórí ọ̀kadà ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló lò ní ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ padà mọ nǹkan lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ń gbé e padà lọ sílé, àwọn obìnrin tó rí áńbúláǹsì lẹ́nu ọ̀nà ìlú sọ ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n bú sẹ́kún. Andrew fun fèrè títí, àwọn obìnrin náà ń tẹ̀ lé ọkọ̀, ẹkún náà ń pọ̀ sí i ni. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé, Àsíyátù ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ta ló kú?" Oyèbánjí béèrè látorí ìjókòó rẹ̀.

Obìnrin kan figbe ta, ó sá wọlé. Àwọn yòókù dúró gbagidi, omijé ṣì wà lójú wọn. Ìyá arúgbó kan ló rọra sún mọ́ ọn, tó fọwọ́ kan án lójú, lẹ́yìn náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Oyèbánjí ò lè gun igi mọ́, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ìpadàbọ̀ rẹ̀, fóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan láti Iyah-Gbede ni. Ọmọ rẹ̀ lóyún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ yẹn ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ṣì ń rìn o," obìnrin náà wí. "Ṣé ẹ máa ń gbé ẹni tó ṣì ń rìn?"

Àsíyátù ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì. "Òun gan-an la máa ń fẹ́ gbé, ìyá. A ti ń bọ̀."