Sùlíyá Aránṣọ àti Ẹ̀bẹ̀ Ilé Kánsẹ́lọ̀

Bí inú bá ń bí mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ Sùlíyá yìí, ẹ má bẹ̀ mí o, ẹ jẹ́ kó máa bí mi. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọkọ ló gbé e wá sí Agége, ẹ̀yìn ibùdó rélùwéè ni wọ́n ń gbé, nínú ilé Bàbá Làsísì. Máṣíìnì rẹ̀ wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kakí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tuntun Ìkẹjà ló sì ń rán láti àárọ̀ dalẹ́. Bí àwọn oníbàárà bá ń jiyàn òṣèlú nídìí máṣíìnì rẹ̀, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé ẹgbẹ́ wọn jáde, kí òun rí ojú abẹ́rẹ́. Ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju kí ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ kó sì bọ̀, kí Láídé ọmọ wọn sì mọ̀wé.

Bíríkìlà ni Àlàmú ọkọ rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó mọ ògiri iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn. Kì í jà, kì í mutí, àmọ́ kò lè rí ohun tó wọ́ kó pè é ní gbọọrọ. Sùlíyá a máa sọ fún un pé, "Bàbá Láídé, ẹ fi ẹnu yín yìí jẹun nìkan, ẹ jọ̀ọ́." Àlàmú á rẹ́rìn-ín, á ní òun ti gbọ́.

Kò tíì pé ọdún kan tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. A jó, a yọ̀, a ní Òyìnbó ò ní fojú wa gbolẹ̀ mọ́. Àfi bí kánsù ṣe gbé ọ̀rọ̀ títì kan dé. Wọ́n ní yóò gba Agége lọ sí àwọn iléeṣẹ́ Ìkẹjà, ilé tó bá sì wà lójú ọ̀nà, wíwó ni. Kò burú, ta ni ò fẹ́ títì? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé, gbogbo ayé rí i pé títì tó ń bọ̀ gbọọrọ dé iwájú ilé Kánsẹ́lọ̀ Dàwódù, ó yà. Ó dé ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ó tún yà. Ilé àwọn tí kò gba káàdì ẹgbẹ́ ló ń gbá mọ́lẹ̀ lọ. Bàbá Làsísì tó jẹ́ pé kò ṣe ẹgbẹ́ kankan, mọ́ṣáláṣí àti àga ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ló mọ̀, òun náà jí lọ́jọ́ kan, ó bá ọ̀dà pupa lára ògiri yàrá rẹ̀.

Kánsù wá pe ìpàdé, wọ́n ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó sọ ọ́. Wọ́n ní ká sọ ọ́ o! Àlàmú bá dìde, ó ṣí fìlà, ó kí gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, Kánsẹ́lọ̀, ṣé títì yìí náà gba káàdì ẹgbẹ́ ni, tó fi mọ ilé tó yẹ kó yà fún?" Èrò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹlòmíì fi ń nu ojú. Dàwódù náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹnu lásán ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àwọn akódà, ọlọ́pàá kánsù, wọ ilé Bàbá Làsísì láàárọ̀. Àlàmú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ ẹnu. Wọ́n ní ó bú ìjọba, wọ́n ní ó fẹ́ dá ìlú rú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ bàtà, wọn ò gbà. Láídé dì mọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, akódà kan fa ọmọ náà sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń ju àkísà. Sùlíyá gbé ọmọ, ó ń pariwo pé kí ni ọkọ òun ṣe, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ti fa Àlàmú jáde láìwọ bàtà.

Ó sá tọ lọ́yà kan lọ ní Èbúté Mẹ́ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní, "Ìyá, ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òfin fún ọkọ yín láyè láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ, wọn kì í jẹ́ kí lọ́yà sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Ta ló máa wá gbẹnu sọ fún un, sà?"

"Ẹnu ara rẹ̀ ni."

Ẹnu yẹn náà sì ni wọ́n torí ẹ̀ mú un! Ẹ tún wá gbọ́ o: adájọ́ kóòtù náà, àna Dàwódù ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wà nílé Kánsẹ́lọ̀. Dàwódù ló pẹjọ́, àna rẹ̀ ló fẹ́ dá a, kánsù tí wọ́n ní Àlàmú bú ló ń san owó oṣù akódà tó mú un. Ẹ sọ ibi tí èèyàn máa yà sí fún mi.

Nígbà tí Sùlíyá délé, Bàbá Làsísì àti Suara, ẹ̀gbọ́n Àlàmú, ti ń dúró dè é. Bàbá Làsísì ní, "Ẹ lọ bẹ Dàwódù."

Sùlíyá ní, "Bàbá, kí ni Bàbá Láídé ṣe tá a fẹ́ bẹ̀bẹ̀ lé lórí?"

"Ta ló ní ó ṣe nǹkan kan? Àgbà la fẹ́ bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí inú ẹ̀ rọ̀."

Ṣé ọ̀rọ̀ bàbá náà burú ni? Èwo nínú yín ni wọn ò tọ́ báyẹn? Bí ìwọ àti àgbà bá ní gbólóhùn asọ̀, ì báà jẹ́ àgbà ló ṣì í, ìwọ lo máa kúnlẹ̀, wàá ní ẹ má bínú, àgbà á ní ó ti tán, ọ̀rọ̀ á sì tán lóòótọ́. A kì í bi ara wa pé ta ló jẹ̀bi. Sùlíyá di gèlè rẹ̀, ó tẹ̀ lé Suara.

Dàwódù gbà wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní kí wọ́n pe ọkùnrin méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá jókòó, Sùlíyá sì rò pé iyì ló fi ń bu fún wọn. Suara nà gbalaja. Sùlíyá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọ yín ni. Ẹ foríjì í."

Dàwódù ní, "Kí lo wí, ìyàwó?"

"Mo ní kẹ́ ẹ foríjì í, sà."

"Mo ti gbọ́. Ẹ dìde. Ó ti tán." Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n fún wọn ní omi mu. Ayọ̀ ni Sùlíyá fi délé. Ó fọ kakí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́, ó sọ fún Láídé pé bàbá rẹ̀ ń bọ̀.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, kóòtù kún. Dàwódù dìde, ó tún agbádá ṣe. Ó ní òun ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ẹbí ọkùnrin yìí wá sílé òun, wọ́n wólẹ̀, wọ́n ní kí òun foríjì í. Ó wá kọjú sí èrò, ó ní, "Ẹni tí kò jẹ̀bi, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún?" Àwọn ọkùnrin méjì ọjọ́sí dìde, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ìṣojú àwọn ni.

Adájọ́ pe Sùlíyá. "Ṣé o lọ bẹ̀ wọ́n?"

"Mo lọ, sà, àmọ́..."

"Mi ò bi ọ́ ní àmọ́. Ṣé o ní kí wọ́n foríjì ọkọ rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ti jẹ́wọ́ fún un."

Ẹ̀yin èèyàn! Òyìnbó ì bá ṣe èyí, à bá ní kò mọ àṣà wa. Ọmọ Yorùbá ni Dàwódù, ọmọ Yorùbá ni adájọ́. Wọ́n mọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ jẹ́ bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ìyá wọn. Wọ́n mọ̀ pé obìnrin yẹn ò jẹ́wọ́ nǹkan kan, ọ̀wọ̀ ló wá bù fún wọn, wọ́n sì mú ọ̀wọ̀ náà, wọ́n fi de ọkọ rẹ̀. Olè tó jí ẹran sàn jù wọ́n lọ. Sùlíyá jókòó síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ korò. Ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́ létí, "Ẹ foríjì í, ẹ foríjì í."

Adájọ́ wá ní òun ṣì lójú àánú. Bí Àlàmú bá dọ̀bálẹ̀ ní gbangba, tó ní títì gún gbọọrọ àti pé irọ́ lòun pa, kó máa lọ sílé. Suara ti tún nà sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Mi ò ní purọ́ fún yín: Sùlíyá fẹ́ kó dọ̀bálẹ̀. Ó ń gbàdúrà sínú pé kó ṣe é, kó jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé.

Àlàmú ní, "Sà, mo bi yín ní ìbéèrè. Ẹ ò tíì dáhùn."

Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá, Sùlíyá dì í lápá mú, ó ní, "Bàbá Láídé, èmi ni mo kó bá yín." Àlàmú ní, "Ìwọ kọ́. Tọ́jú Láídé." Akódà tì í jáde.

Níta, èrò yà fún Dàwódù bó ṣe ń lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin ń tẹ̀ ba. Ó dé iwájú Sùlíyá, ó dúró. Ohùn rẹ̀ dùn bí ti ọjọ́ tó ní ó ti tán.

"Ìyàwó, má sunkún mọ́. O mọ ilé mi. Bó o bá tún bẹ̀ mí dáadáa níbí, lójú gbogbo èèyàn, mo lè bá adájọ́ sọ̀rọ̀ kó din oṣù náà kù."

Suara ń fa ìró rẹ̀. "Kúnlẹ̀, Ìyá Láídé. Torí Ọlọ́run, kúnlẹ̀."

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í padà, ó nà ró. Láyé Sùlíyá, kò dúró ṣánṣán níwájú ẹni tó jù ú lọ rí.

Ó ní, "Ẹ ní ẹni tó bá jẹ̀bi ló ń bẹ̀bẹ̀. Èmi ò jẹ̀bi, sà. Ọkọ mi náà ò jẹ̀bi."

Dàwódù ń wò ó, ó ń dúró kó kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀.