Ìmúra Ẹ̀pẹ́

Bí mo bá ti rí ẹni tó ń fi kànrìnkàn fọ táyà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Ọkùnrin tí kì í fọ abọ́ tó fi jẹun! Bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tó ní bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù nínú, wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní àdúgbò Agric. Ọdọọdún ló ń múra láti fi lọ kí ìyá wọn ní Ẹ̀pẹ́. Ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n sì fẹ́ rí ọmọ wọn kí ojú náà tó fọ́ pátápátá.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Ìyàwó, ìmúra ni ìrìn àjò." Ló bá tún lọ ra kọ́tìnì tuntun.

Lọ́dún tó kọjá, ó sú ìyá. Wọ́n wọ ọkọ̀ èrò wá fúnra wọn. Wọ́n fọwọ́ pa bọ́ọ̀sì tó ń dán gbinrin náà, wọ́n kọjú sí ọmọ wọn, wọ́n ní, "O kú ìrìn o. Báwo lọ̀nà?"